Náìnì-ìlẹ́fùn tó ń hó lórí òkè

Ọkọ̀: típà Mercedes 911, ẹ́ńjìnnì OM352, sílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7, epo dísù.

Iṣẹ́ rẹ̀: kíkó òkúta láti àwọn ibi ìfọ́kúta ní ọ̀nà Odẹ́dá wá sí Ọbáńtokò àti Aṣèrò; yanrìn odò Ògùn nígbà tí òkúta ò bá jáde.

Ẹ̀sùn: láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe nílé, bó bá ti ru ẹrù gòkè, ó ń hó. Bó bá ṣófo, kò sí ohun tó ń ṣe é. Bó bá dúró sójú kan tí wọn ò paná rẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Gbólóhùn méjì ìgbẹ̀yìn yẹn ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa ní Làfẹ́ńwá, l'Abẹ́òkúta, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tó sì ń tutù bó bá ti ń sáré, ọ̀ràn atẹ́gùn ló sábà máa ń jẹ́: fáànù, bẹ́ẹ̀tì, ìdọ̀tí tó dí ojú rèdíétọ̀. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń hó, omi ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Kì í ṣe bóyá omi wà níbẹ̀ o. Bóyá omi náà ń yí ká bó ṣe yẹ ni.

Alhaji tó ni ọkọ̀ ti kiri kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnìkan sọ fún un pé búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì ti sán. Òmíràn ní kó lọ gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Èkó, kó yéé da ara rẹ̀ láàmú. Àwọn tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà pàápàá, wọ́n fọ ojú rèdíétọ̀ tó mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì tí kò bàjẹ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnìkan tó wọn ooru ibì kankan lára ẹ́ńjìnnì yẹn.

Ohun tí wọ́n ṣe nínú ọgbà

Ọmọ Alhaji ló ṣe àtúnṣe náà nínú ọgbà ilé wọn ní Ọbáńtokò, ó sì bá ọkọ̀ wá kó lè ṣàlàyé. Wọ́tà pọ́ǹpù ló ń jò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wà á bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bu omi sí i, títí ọjọ́ kan tí omi fi tán lójú ọ̀nà tí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti búlọ́ọ̀kù, sì jó. Géèjì tó ń wọn ooru omi ò kìlọ̀ fún wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò mọ̀ nìyí: ẹnu géèjì omi gbọ́dọ̀ wà nínú omi kó tó lè sọ òótọ́. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ géèjì lè máa rọlẹ̀ nígbà tí irin ń jó.

Ọmọ náà tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń fá irin kí wọ́n tẹ́ ojú rẹ̀, ó fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ó pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù àti họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì ni mo fi dè é," ó ní, "láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé ṣe là á sílẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì ni sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń de nǹkan. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó ní pátákó gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà tó ń de tọ́ọ̀pù sílíńdà pẹ̀lú páìpù gígùn àti agbára àyà. Ojú gọ́ọ̀mù tí ọmọ yìí fi lẹ gáskẹ́ẹ̀tì wọ́tà pọ́ǹpù tín-ín-rín, kò tú jáde síta, èyí túmọ̀ sí pé kò tú sínú náà. Gọ́ọ̀mù àfitúyẹ̀yẹ̀ a máa já nínú, a sì máa lọ dí ihò rèdíétọ̀.

Mo bi í léèrè bóyá ó yọ nǹkan kan tí kò dá padà.

"Gbogbo nǹkan tó wúlò ni mo dá padà, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn.

Gáskẹ́ẹ̀tì kọ́

Ẹ̀rù tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ló ń ba Alhaji jù, nítorí náà ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù nini. A yọ bẹ́ẹ̀tì kúrò kí wọ́tà pọ́ǹpù má baà máa ru omi sókè, a bu omi kún rèdíétọ̀ dé ẹnu, a ṣíná. Bí iná inú sílíńdà bá ń jò bọ́ sínú omi, ẹ ó rí èéfín tí yóò máa hó pùkẹ̀pùkẹ̀ lẹ́nu rèdíétọ̀ láìdáwọ́ dúró. Èyí hó díẹ̀, ó dákẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ni.

Kí ọkàn Alhaji lè balẹ̀, mo dí ẹnu páìpù kékeré tí omi ń gbà jáde, mo fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà, irú tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀, bo ẹnu rèdíétọ̀, mo sì fi rọ́bà dè é. Ọmọ iṣẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ túrótù. Bí gáskẹ́ẹ̀tì bá jó, ìka ìbọ̀wọ́ yẹn yóò na ró bí ẹni ń kíni. Ó rọ̀ jọwọlọ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi paná, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò ní bẹ́ẹ̀tì lórí kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀. Ọ́ìlì orí dípísítíìkì dúdú bó ṣe yẹ, kò funfun bí ògì, èyí tí ìbá fi hàn pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Alhaji mí kanlẹ̀.

Fáànù: ojú rẹ̀ tọ́. Mo wò ó nítorí pé mo ti rí ẹni tó dojú fáànù kọdí nígbà tó ń pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù. Àwọn ènìyàn rò pé fáànù tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọdí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn síwájú. Rárá o. Ọ̀nà kan náà ni yóò máa fà á sí, àmọ́ ikùn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò ní mú atẹ́gùn dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. A gbé bébà síwájú rèdíétọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn pin. Atẹ́gùn wà.

Ooru kò ní ahọ́n, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀

A ru òkúta kún ọkọ̀ náà, a sì gbé e gba ọ̀nà Odẹ́dá. Mo mú ẹ̀rọ ìwọn-ooru tí à ń nà bí ìbọn dání. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó mọ̀ pé ó máa ń parọ́ lójú irin tó ń dán. Ooru 90 lórí ìwọ̀n Celsius lè jọ 60 lójú rẹ̀. Tépù dúdú ni mo lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí mo fẹ́ wọ̀n kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù: ilé tẹ́mósítáàtì (ilẹ̀kùn tí ooru ń ṣí kí omi lè lọ sí rèdíétọ̀), ẹnu ibi tí omi ń gbà wọ rèdíétọ̀ lókè, ẹnu ibi tó ń gbà jáde nísàlẹ̀, àti páìpù àbùjá, ìyẹn páìpù kúkurú tó ń dá omi padà sí wọ́tà pọ́ǹpù láìjẹ́ kó dé rèdíétọ̀.

Nígbà tí Bàbá Awakọ̀ fi jíà kejì fa ẹrù yẹn dé òkè, òórùn omi gbígbóná ti gba inú ọkọ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò paná. Mo sọ̀ kalẹ̀ kíá:

Ilé tẹ́mósítáàtì, 104. Òkè rèdíétọ̀, 102. Páìpù àbùjá, 103. Ìsàlẹ̀ rèdíétọ̀, 58.

Ọmọ iṣẹ́ ní rèdíétọ̀ yìí mà ń ṣiṣẹ́ gan-an o, ó sọ omi 102 di 58. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Rèdíétọ̀ tó ń rí omi tó pọ̀ gbà kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n bíi 10 tàbí díẹ̀ sí i ló yẹ kó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ agbára. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá jọ gbóná, atẹ́gùn ni kò tó. Bí òkè bá ń jó tí ìsàlẹ̀ sì tutù báyìí, omi tó ń dé ibẹ̀ ló kéré: díẹ̀díẹ̀ ló ń kán wọlé, ó wá ń pẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi tutù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lẹ́yìn rẹ̀. Àti pé kí ni páìpù àbùjá ń wá ní 103? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó yẹ kí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mọ́tò bọ́ọ̀ì ti ń yí aṣọ mọ́ ọwọ́ láti ṣí ìdérí rèdíétọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Omi tó wà lábẹ́ ìdérí lè kọjá 100 láìhó nítorí pé ó wà ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ (pírẹ́ṣọ̀); ìṣẹ́jú tí ìdérí bá kúrò, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sójú onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í bu omi tútù lu ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Irin tọ́ọ̀pù sílíńdà á sán, òun ni wọ́n sì máa ń pè ní iṣẹ́ ọ̀tá.

"Kò wúlò nílẹ̀ ooru"

Ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó tutù, a tú ilé tẹ́mósítáàtì. Ó ṣófo.

Ọmọ Alhaji ò tijú, kò sì yẹ kó tijú. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ènìyàn ló ní kí n yọ ọ́ sọnù. Wọ́n ní nítorí òtútù àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, kò wúlò nílẹ̀ ooru."

Òun nìkan kọ́. Láti Làfẹ́ńwá dé Ìta-Ọ̀ṣìn, ẹ ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí tẹ́mósítáàtì ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí lágbára ju ìwé lọ.

Mo ní kó ki ìka bọ ihò tó wà nísàlẹ̀ ilé náà. Ìka wọlé dé oríkèé. Ihò àbùjá nìyẹn, ó ṣí gbayawu.

Tẹ́mósítáàtì tó bá ẹ́ńjìnnì yìí mu ní àwo méjì. Ìda kan, bíi ti àbẹ́là, wà nínú ikùn rẹ̀ tó máa ń wú bó bá gbóná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, àwo òkè ti ọ̀nà rèdíétọ̀, àbùjá ṣí, omi ń yí nínú ẹ́ńjìnnì nìkan kó lè tètè gbóná. Bí ooru bá dé, ìda wú, àwo òkè ṣí ọ̀nà rèdíétọ̀, àwo ìsàlẹ̀ sì lọ dí ihò àbùjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá yọ ọ́ sọnù ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ títí ayé. Omi tó rí ihò gbàràmù-gbaramu tó sún mọ́ ọn, tó sì rí rèdíétọ̀ tó kún fún ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, yóò ṣe bí ọlọ́kadà tó rí ẹ̀bùrú lọ́jọ́ ọjà Kútọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa ya ọ̀dọ̀ rèdíétọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, díẹ̀ yẹn tó. Bí òkúta bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí òkè, kò tó.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí tẹ́mósítáàtì wọn kò ní àwo ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá yọ ti irú wọn, wọn ò ní hó. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì dísù tó ń ṣiṣẹ́ ní tútù náà kò bọ́: epo kì í jó tán, yóò máa rú èéfín funfun láàárọ̀, yóò máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, yóò sì máa jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́, ojú epo ló ń gbà lọ. Àti pé nígbà tí tẹ́mósítáàtì bá há, tí ọkọ̀ wá hó, tí wọ́n yọ ọ́, tí ọkọ̀ tutù, ó ti di ẹ̀rí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé bóyá èyí tó dára ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Dídán tuntun wò nínú ìkòkò

Onísípéè pátì kọ́kọ́ fún wa ní èyí tó bá ẹnu ilé náà mu rẹ́gí, àmọ́ tí kò ní àwo ìsàlẹ̀. A dá a padà. Ẹni tó bá ra irú èyí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí kò ra nǹkan kan, nítorí kò sí ohun tí yóò dí àbùjá. Èyí tí a rà padà ní àwo méjì, wọ́n sì tẹ 79 sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Tuntun kò túmọ̀ sí dáadáa lọ́jà wa. A yá ìkòkò lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ìrẹsì níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun náà fà síwájú láti wòran. Ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ tẹ àwo náà ṣí díẹ̀, ó ki etí òwú bọ ẹnu rẹ̀, ó jẹ́ kó pa dé mọ́ òwú, ó wá so òkè òwú mọ́ igi tó gbé dábùú ìkòkò. Tẹ́mósítáàtì rọ̀ sínú omi, kò kan ìdí ìkòkò, nítorí ìdí ìkòkò gbóná ju omi lọ. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru onígi tí à ń tì bọ inú omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 70. 75. Kò mira. Ó kọjá 79 díẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, òwú tú u sílẹ̀, ó já sídìí ìkòkò: kọ̀ọ̀! Ìyá onírẹsì pàtẹ́wọ́. A jẹ́ kí omi gbóná sí i títí tó fi sún mọ́ 95, a rí i pé ó ṣí tán. A fi sínú omi tútù, ó pa dé. Òun la fi sínú ọkọ̀.

Ihò kékeré tó ní pín-ìn-nì kan wà létí rẹ̀. Òkè ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá jáde nígbà tí ẹ bá ń bu omi. A gbé imú ọkọ̀ sókè ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a tú họ́ọ̀sì tó ga jù sílẹ̀ díẹ̀, a rọra ń bu omi títí omi láìní afẹ́fẹ́ fi jáde níbẹ̀, a dè é.

Ó dára sí i, kò tíì dára

Ọ̀nà kan náà, ẹrù òkúta bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgòkè àkọ́kọ́, 92 nílé tẹ́mósítáàtì. Alhaji ti ń dúpẹ́ lórí fóònù. Lókè èkejì tó gùn, 99, ó sì ń lọ sókè. Ìsàlẹ̀ rèdíétọ̀, 61. Àbùjá ti tutù sílẹ̀, tẹ́mósítáàtì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ nǹkan mìíràn tún ń fi omi du rèdíétọ̀.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tó ṣì gbóná. Mo dùbúlẹ̀ síwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ máa tẹ túrótù, kó di í mú sókè. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́tà pọ́ǹpù fi ń fa omi láti rèdíétọ̀, rọ̀, ikùn rẹ̀ wọnú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàdé ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ gbẹ́sẹ̀: fùú, ó wú padà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó rí i. Ta ni yóò wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké lórí òkè?

Họ́ọ̀sì àtijọ́ ní sípíríǹgì nínú tí kì í jẹ́ kó fún ara rẹ̀ pa. Èyí tí wọ́n rà kò ní, rọ́bà rẹ̀ sì fúyẹ́. Ọmọ Alhaji rántí pé họ́ọ̀sì àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìn táńkì omi nílé. Ó gbé e wá, sípíríǹgì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé ó ń ṣẹ́ lọ́wọ́. Èérún irin yẹn kò gbọ́dọ̀ dé wọ́tà pọ́ǹpù. A ra họ́ọ̀sì tó nípọn tí wọ́n fi aṣọ sáàárín rọ́bà rẹ̀, a sì ká wáyà tí kì í dípẹtà yípo páìpù kan láti fi ṣe sípíríǹgì tuntun sí i.

Ìdérí rèdíétọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ ti sán, kò lè ti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mọ́. Bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bá wà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ikùn họ́ọ̀sì síta; bí kò bá sí, fífà wọ́tà pọ́ǹpù ló máa borí. Ìdérí tó dára, tó ń di ìtẹ̀mọ́lẹ̀ 0.5 bar mú, ń sún ibi tí omi ti máa hó láti 100 sí nǹkan bí 111. Tiwọn wulẹ̀ wà fún ẹ̀ṣọ́ ni. Ọ̀nà tí mo fi mọ̀ rọrùn: mo fún họ́ọ̀sì òkè lọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó rọ̀. Ó yẹ kó le.

Ẹrù kíkún, òkè gígùn yẹn kan náà: ilé tẹ́mósítáàtì 88, òkè rèdíétọ̀ 87, ìsàlẹ̀ 74. A dúró lókè, a jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́, ó sọ̀ sí 83, kò kúrò níbẹ̀.

Ohun tó kù

Nígbà tí mo na ẹ̀rọ náà kọjá ojú rèdíétọ̀ láti òsì sí ọ̀tún, apá ọ̀tún tutù ju ìyókù lọ. Omi kànga tí wọ́n ti ń bu sí i láti ọdún mọ́dún ti dì sínú àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ibẹ̀. Bàbà ni rèdíétọ̀ yìí, àwọn tó ń jó o lè tú orí rẹ̀, kí wọ́n gún un là. Lẹ́yìn ìyẹn, kúláǹtì ló yẹ kó wọlé, kì í ṣe omi kànga. Ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń pẹ́ kó tó hó ju omi lásán lọ. Alhaji ní kí ọkọ̀ kọ́kọ́ pa owó wá ná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú títún fáàlùfù wò àti dídán gbogbo kílíìpù họ́ọ̀sì wò nígbà tó bá padà wá.

A fi géèjì tuntun sí i. Mo lẹ tépù pupa mọ́ ojú rẹ̀ ní 95. Mo ṣàlàyé fún Bàbá Awakọ̀ pé bó bá kan ibẹ̀, kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n yọ jíà, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí jẹ́jẹ́ kí omi lè ru ooru kúrò. Àmọ́ bí wọ́n bá rí i pé omi ti dà sílẹ̀, kí wọ́n paná lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí kò yé àwọn ni ẹni tí yóò ṣàlàyé tépù pupa fún onílé tó ń dúró de òkúta ní Aṣèrò.